Tákàdá, Bébà àti Òǹtẹ̀: Ìtàn Tó Wà Nínú Ọ̀rọ̀ Ìwé Títẹ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan. Kí ni ìwé? Tí ìyá kan bá sọ pé ọmọ òun ń kàwé, ẹ̀kọ́ ló ń sọ. Tí bàbá kan bá sọ pé òun gba ìwé láti Èkó, lẹ́tà ló ní lọ́kàn. Tí ẹlẹ́pà bá ń wá ìwé tó máa fi pọ́n ẹ̀pà, bébà lásán ló ń wá. Tí ọlọ́pàá bá dá awakọ̀ dúró tó ní kó mú ìwé ọkọ̀ jáde, ẹ̀rí ló ń béèrè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ru gbogbo ẹrù yìí.

Àwọn kan á ní àìtó ọ̀rọ̀ ló fà á. Wọ́n á ní èdè wa dára fún oríkì àti òwe, pé tó bá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ìgbàlódé, Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Tí a bá fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò fún bébà, fún yíǹkì àti fún ìwé títẹ̀, a ó rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn kan la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, àwọn kan gba orí òkun, àwọn kan sì ti wà nílé kí ẹ̀rọ tó dé. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gbà wá ń sọ ìtàn tí ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn máa ń fò.

Èyí tó gba òkè ọya wá

Kí àwọn míṣọ́nárì tó kó A, B, D wá, àwọn Mùsùlùmí ti ń kọ̀wé nílẹ̀ Yorùbá. Èdè Lárúbáwá ni wọ́n sábà máa ń kọ, àwọn míì sì ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá, èyí tí à ń pè ní Ajami. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ tákàdá ti wá. Haúsá ń pè é ní takarda. Àwọn onímọ̀ èdè ti tọ ipasẹ̀ rẹ̀ kọjá ilẹ̀ Haúsá, dé ọ̀dọ̀ àwọn Túárẹ́gì inú aṣálẹ̀, títí dé ọ̀rọ̀ Látìnì kan, charta. Ọ̀nà òkè ọya kan náà ni tàdáwà gbà wá, èyí tí a ń pe yíǹkì. Bẹ́ẹ̀ náà ni wàláà, pátákó tí ọmọ ilé kéú ń kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí. Tí ọmọ bá ti mọ ohun tó wà lórí wàláà tán, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kọ òmíràn. Omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ ni hàǹtú, àwọn kan ń mu ún fún ìwòsàn. Tákàdá tí wọ́n kọ nǹkan sí, tí wọ́n ká, tí wọ́n fi awọ rán pa, òun ni tírà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé kiri, ọjà gan-an ni. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, púpọ̀ nínú bébà tó ń wọ Kánò, ilẹ̀ Ítálì ló ti ń wá. Ọkọ̀ ojú omi á gbé e dé Trípólì, ràkúnmí á sì gbé e la aṣálẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ ní àmì nínú: tí ẹ bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí àwòrán oṣù tuntun mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ ronú sí i díẹ̀. Bébà tí àwọn onígbàgbọ́ Ítálì ṣe ni àwọn àlùfáà òkè ọya fi ń kọ Kùránì, àwọn tó ṣe é sì mọ ẹni tí wọ́n ń tà á fún.

Ẹ̀yin tó ń ka Bíbélì Yorùbá, ẹ wo ohun tó tún ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, iṣẹ́ tó parí ní 1884, wọ́n nílò ọ̀rọ̀ fún yíǹkì, fún ohun ìkọ̀wé, àti fún òkúta pẹlẹbẹ tí Mósè gbà lórí òkè. Wọn ò jókòó ṣẹ̀dá tuntun. Ohun tí àwọn Mùsùlùmí ti ń lò nígboro ni wọ́n mú: tàdáwà, kálámù, wàláà. Bí wọ́n ṣe mú àlùfáà, wòlíì àti àdúrà náà nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé ìwé kíkọ nílẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bíbélì tirẹ̀ gan-an ló ń ta kò ó.

Kí ni bébà gan-an?

Ìtàn Ṣáínà sọ pé ní ọdún 105, Cai Lun, òṣìṣẹ́ ààfin, fi ọ̀nà tí a fi ń ṣe bébà han ọba. Èèpo igi, àkísà àti àwọ̀n ìpẹja tó ti gbó wà lára ohun tó lò. Ẹni tó bá ti rí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe ògì kò ní pẹ́ mọ bó ṣe ń rí. Wọ́n á rẹ èèpo àti àkísà sínú omi títí wọ́n á fi rọ̀. Wọ́n á gún un títí fọ́nrán rẹ̀ á fi tú ká. Wọ́n á pò ó mọ́ omi púpọ̀, wọ́n á ti asẹ́ pẹlẹbẹ bọ inú omi náà, wọ́n á rọra gbé e sókè. Omi á jò lọ, fọ́nrán á dì mọ́ ara wọn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà: nínú ògì, ohun tó kọjá nínú asẹ́ la fẹ́, a ó da ìyókù fún ewúrẹ́. Nínú bébà, omi la máa dànù, ohun tó kù lórí asẹ́ la fẹ́.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí omi rẹ̀ lè jáde, wọ́n á sì sá a. Ṣùgbọ́n bébà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ báyìí á máa fa yíǹkì mu bí òwú. Nítorí náà ni àwọn Lárúbáwá ṣe ń fi ògì àlìkámà kùn ún lójú, bí a ṣe ń fi kanjí sí aṣọ kó tó di pé a lọ̀ ọ́. Àwọn ará Yúróòpù fi omi awọ ẹran tí wọ́n sè rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ náà kúrò ní Ṣáínà, ó dé Samarkand àti Bàgídádì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ, ó kọjá sí Sípéènì, ó sì fìdí múlẹ̀ ní Fabriano ní Ítálì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá. Ní Ítálì yìí náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi wáyà ṣe àwòrán sójú asẹ́, kí àmì ẹni tó ṣe bébà lè hàn nínú rẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù tí a mọ̀, 1282 ni ọdún rẹ̀. Àmì oṣù mẹ́ta tó dé Kánò, ọmọ iṣẹ́ yẹn ni.

Ohun tó dùn jù níbẹ̀ rèé. Charta tí tákàdá ti wá, papyrus tí bébà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti wá, koríko etí odò Náílì kan náà ni àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí. Àwọn ará Íjíbítì máa ń la igi koríko yẹn pẹlẹbẹ, wọ́n á tò ó ní ìbú àti ní òòró, wọ́n á lù ú títí yóò fi lẹ̀ pọ̀. Kì í ṣe bébà, torí kò sí asẹ́ níbẹ̀, kò sì sí fọ́nrán tó tú ká. Nígbà tí bébà tòótọ́ dé, àwọn ènìyàn kàn gbé orúkọ ohun àtijọ́ wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi wá ṣẹ̀sín pé ọ̀rọ̀ àyálò la fi ń pe bébà, ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ àyálò ni Gẹ̀ẹ́sì náà fi ń pè é, orúkọ nǹkan mìíràn ni pẹ̀lú.

Èyí tó gba orí òkun wá

Láti etíkun ni bébà, rímù, foolscap àti A4 ti wọlé. Rímù jọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n rizma ti èdè Lárúbáwá ni bàbá ńlá rẹ̀, ohun tí a dì pọ̀ ló túmọ̀ sí. Ó gba Sípéènì, ó gba Faransé, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, kó tó wọkọ̀ wá sí Èkó. Ìbátan àwọn tó kọ́ wa ní wàláà ni, ọ̀nà tirẹ̀ ló jìn.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ foolscap dáadáa. Òun ni tíṣà máa ń ní ká mú wá fún ìdánwò ní sẹ́kọ́ńdírì. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ọ̀rọ̀ "full" ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ la sì ń kọ ọ́ títí di òní. Fìlà ni. Fìlà aláwàdà ààfin, tí wọ́n so aago mọ́ létí. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn tó ń ṣe bébà ní Yúróòpù ti ń fi àwòrán fìlà yìí ṣe àmì inú bébà wọn. Nígbà tó yá, gbogbo bébà tó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ orúkọ yẹn, bí àmì kò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀ mọ́.

A4 ní tirẹ̀, Jámánì ni ilé rẹ̀, 1922 ni wọ́n sì fi ọwọ́ sí i. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ló wà nínú rẹ̀. A0 jẹ́ mítà kan níbùú lóròó tí a bá sọ ọ́ di igun mẹ́rin ọgbọọgba. Tí a bá ká a sí méjì, A1 ni. Tí a bá tún un ká, A2 ni, títí dé A4, tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún A0. Ìdí nìyí tí bébà A4 oní-80 gíráàmù kan fi wọn gíráàmù 5 péré, tí rímù kan, tó ní bébà 500 nínú, fi wọn kìlógíráàmù 2.5. Ẹni tó bá ra rímù tó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, kó yẹ ìdí rẹ̀ wò.

Èyí tó ti wà nílé

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, a kò yá ọ̀rọ̀ fún ohun tó ń ṣe. A ní ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀: tẹ̀.

Ẹ wo ẹnì kejì rẹ̀ ná, ìyẹn kọ. Akọ̀wé ń kọ ìwé, akọlà ń kọ ilà, àgbẹ̀ ń kọ ebè. Ohun tó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni pé ọwọ́ ń la ojú nǹkan, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ti wu ẹni tó ń ṣe é. Tẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ń tẹ nǹkan ń fi agbára tì í mọ́lẹ̀ kí àmì lè jáde lójú rẹ̀. Babaláwo ló ti ń lò ó tipẹ́. Tó bá ti ń gbá ikin, tí ikin kan bá ṣẹ́kù lọ́wọ́, á tẹ àmì méjì sójú ìyẹ̀rosùn. Tí méjì bá ṣẹ́kù, á tẹ ẹyọ kan. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́jọ, ọ̀kan nínú odù 256 ti jókòó sójú ọpọ́n, ó wá ku kí wọ́n kà á. Tẹ̀ ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ìtẹ̀fá. Tẹ̀ kan náà ló wà nínú òǹtẹ̀, èyí tí ọba tàbí ọ́fíìsì ń lù sórí ìwé kó lè di ohun tí a gbà gbọ́.

Nígbà tí òjé tí a fi yíǹkì kùn wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lu bébà, àwọn bàbá wa wò ó, wọ́n mọ ohun tí wọ́n rí. Ìtẹ̀wé, òǹtẹ̀wé, ilé ìtẹ̀wé, àtẹ̀jáde, àtúntẹ̀: gbogbo wọn ló so mọ́ ìdí kan. Kò tán síbẹ̀. Nígbà tí fóònù dé tí ìka ń tẹ bọ́tìnnì, a rí àtẹ̀jíṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ níwájú ọpọ́n ifá ló wà lórí fóònù yín báyìí. Ọ̀rọ̀ tó bá lè rin ìrìn yẹn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sọ pé ó ti gbó.

Abẹ́òkúta, 1854

Ní 1854 ni Henry Townsend, míṣọ́nárì CMS, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1859, ìwé kan jáde níbẹ̀ tí wọ́n pè ní Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Owó ẹyọ ni wọ́n fi ń rà á, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló sì ń jáde. Nígbà tó di 1860, Gẹ̀ẹ́sì ti wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ yẹn. Orúkọ ìwé kan ṣoṣo ni, lónìí òun la fi ń pe gbogbo irú rẹ̀. Ẹni tó ń sọ pé òun fẹ́ ra ìwé ìròyìn, orúkọ ìwé Townsend ló ń pè láìmọ̀.

Ní 1867, wàhálà tí a mọ̀ sí Ìfọ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n kó ilé míṣọ́nárì, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, ìwé náà sì kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti kúrò ní ti òyìnbó nìkan. Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà tó kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé nílé kó tó wá sí ọ̀dọ̀ wa, ti dá Anglo-African sílẹ̀ ní Èkó ní 1863. R. B. Blaize, ọmọ Sàró tó dá Lagos Times sílẹ̀ ní 1880, òǹtẹ̀wé ni òun náà kó tó di olówó ńlá. Láti 1920 síwájú, ìwé ìròyìn Yorùbá wá pọ̀ bí omi òjò: Èkó Àkéte ti Adéoyè Dẹ́nígà ní 1922, Elétí Ọfẹ ti E. A. Akíntán ní 1923, Yoruba News ti D. A. Ọbasá ní Ìbàdàn ní 1924, àti Akéde Èkó ti I. B. Thomas lẹ́yìn wọn. Inú Akéde Èkó ni ìtàn Ṣẹ̀gilọlá ti jáde ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ láàárín 1929 àti 1930.

Abẹ́òkúta kan náà tún fi tẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àwọn ọkùnrin ń gé páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ní àwòrán, wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún ra ojú rẹ̀ kí aró má bàa mú ibẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Olóba, àwòrán ọba àti ayaba Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára rẹ̀, nítorí ọdún karùndínlọ́gbọ̀n tí ọba náà gorí ìtẹ́ ní 1935. Aṣọ ni wọ́n lò dípò bébà, páànù dípò òjé. Ẹni tó bá pè é ní ìtẹ̀wé kò ṣìnà.

Àpótí lẹ́tà

Nílé ìtẹ̀wé àtijọ́, òjé kékeré kan ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àpótí tí a pín sí yàrá kéékèèké ló sì ń gbé. Ẹni tó ń to lẹ́tà á máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á tò wọ́n ní ìdàkejì, kí wọ́n lè tọ́ nígbà tí wọ́n bá bọ́ sórí bébà. Òfin ibẹ̀ kò le yé: lẹ́tà tí kò bá sí nínú àpótí, kò sí bí a ṣe máa tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní fáwẹ́lì márùn-ún. Tí a bá fi lẹ́tà ńlá kún un, yàrá 10 ló nílò. Yorùbá ní méje: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohùn mẹ́ta, ó di 21. Tí a bá fi lẹ́tà ńlá kún un, ó di 42, a ò tíì dé orí ṣ, ń àti ǹ. Àpótí tó ti òkè òkun wá kò ní àyè fún wọn, ẹni tó bá fẹ́ wọn yóò san owó kí wọ́n tó yọ́ òjé wọn lọ́tọ̀. Crowther fúnra rẹ̀ fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ nínú ìwé gírámà rẹ̀ ti 1852, àwọn míṣọ́nárì sì ṣe ìpàdé ní Èkó ní January 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́, àmì ohùn ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Àwọn òǹkọ̀wé kò ya òpè. Òjé ni kò sí.

Ó lè dà bíi pé ohun kékeré ni. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí gan-an. "Ó tẹ̀ ẹ́" ni pé ó sọ ọ́ di ìwé. "Ó tẹ́" ni pé ojú tì í láwùjọ. Ìtẹ̀wé àti ìtìjú, àmì fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà láàárín wọn.

Ẹ má rò pé kọ̀ǹpútà ti yanjú rẹ̀. Unicode, ètò tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá wọn mọ̀, fún ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn, torí èdè Vietnam náà ń lò wọ́n. Ó fún ṣ náà. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà lẹ́tà lọ́tọ̀, nọ́ńbà àmì ohùn lọ́tọ̀, kí fọ́ǹtì wá so wọ́n pọ̀. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ iṣẹ́ náà á gbé àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti gbé iṣẹ́ àṣekágbá tí ó fi Yorùbá kọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé mọ ohun tí mo ń wí. Àpótí onígi ti di àpótí orí ẹ̀rọ, ìjà kan náà là ń jà.

Nígbà tí bébà bá wọ́n

Ohun kan tún wà tí ọ̀rọ̀ ìwé títẹ̀ máa ń fi pamọ́: ta ló ni bébà? Ẹ gbọ́ ìtàn ìwé tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ń tọ́ka sí, ìwé ìtàn Yorùbá ti Àlùfáà Samuel Johnson. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, ó sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Ó kú ní 1901 láì rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, jókòó ti àkọsílẹ̀ tó kù, ó tún un kọ. Ní 1916 ó gbé e wọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Appam. Ogun ń lọ lọ́wọ́, àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí ẹrù náà tún máa jáde, bébà ti di ọ̀wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ìtẹ̀wé sì ti fò sókè. 1921 ni ìwé náà tó jáde. Ìtàn tiwa, àmọ́ bébà ẹlòmíràn ló ń dúró dè.

Ìjọba mọ èyí. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ bébà sílẹ̀ ní Jẹ́bà létí Odò Ọya ní 1969, òmíràn ní Ìwòpin ní ìpínlẹ̀ Ògùn, òmíràn ní Oku Iboku níhà gúúsù ìlà-oòrùn fún bébà ìwé ìròyìn. Wọ́n gbin igi gmelina lọ súà nínú igbó Ọmọ kí ó lè di bébà. Igi náà hù, ó dàgbà. Ṣùgbọ́n títí di òní, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ bébà tí a fi ń tẹ̀wé ní Nàìjíríà ṣì ti ń wá, àwọn tó ń tẹ̀wé sì ń bá owó dọ́là jí, wọ́n ń bá a sùn.

Ta ni yóò kó wọn jọ?

Ẹ lọ sí Ṣómólú lọ́jọ́ iṣẹ́. Àdúgbò yẹn ni ojúlé ìwé títẹ̀ l'Ékòó. Ẹ ó gbọ́ orúkọ ẹ̀rọ Heidelberg, ẹ ó gbọ́ pélétì, ẹ ó gbọ́ rímù. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí dáadáa, ìṣe ni Yorùbá ń sọ: wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń gé e, wọ́n ń ká a, wọ́n ń tò ó, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́, wọ́n ń rán an. Orúkọ nǹkan ni a yá, iṣẹ́ ọwọ́ kò kúrò nílé. Bí òwú ṣe rí pẹ̀lú alásọ òkè náà nìyẹn: bó ti wù kí òwú wá láti ibikíbi, a kì í pe ìhunṣọ ní orúkọ mìíràn.

Àwọn àgbà ti ṣe apá kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú Èdè-Ìperí Yorùbá apá kìn-ín-ní ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe apá kejì ní 1990. Àwọn ìwé yẹn ló jẹ́ kí àwa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lè sọ̀rọ̀ gírámà àti lítíréṣọ̀ láì dúró. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n dá lé. Iṣẹ́ ọwọ́ wà níta, òun sì ni àwọn tó ń fi èdè náà jẹun ń lò lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ òjé àti àpótí lẹ́tà ti ń lọ. Àwọn tó fi ọwọ́ to lẹ́tà ti di bàbá àgbà, ẹ̀rọ kò sì nílò wọn mọ́. Ohun tí wọ́n ń pe àpótí náà, ohun tí wọ́n ń pe òjé tó ti gbó, bí wọ́n ṣe ń bú ọmọ iṣẹ́ tó to lẹ́tà kọ́dọ́rọ̀, tí ẹnì kan kò bá béèrè báyìí, inú ilẹ̀ ló ń lọ. A kò nílò owó ìwádìí kó tó di pé a béèrè. Fóònù tí a fi ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ lè gba ohùn sílẹ̀. Ẹni tó bá ní bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí aládùúgbò tó ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kí kọ̀ǹpútà tó dé, kó lọ jókòó tì wọ́n ní wákàtí kan, kó kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ká tẹ̀ ẹ́.